Ohun tí mo kọ́ lẹ́nu kíkọ́ àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa yìnyín

Ọdún méjìlá ni mo ti fi ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé sọ́nà nínú ìwádìí nípa àyípadà tó ń dé bá ìpẹ̀kun àríwá ayé. Kí n tó di olùkọ́ wọn, èmi náà ti jẹ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Bí mo bá lọ sílé ní Ìbàdàn, tí wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo máa ń sọ pé yìnyín ni mò ń wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wò mí títí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé kò ní yọ́ kí o tó wọ̀n ọ́n tán?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà ń náwó lé lórí.

Ètò tí mo bá wọlé wà lára àwọn tí National Science Foundation, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń gbà náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, gbé kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ IGERT. Òpin àwọn ọdún 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní NRT fi gba ipò rẹ̀ ní 2014. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò le láti sọ lẹ́nu: kí ẹni tó mọ físíìsì, ẹni tó mọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí, ẹnjiníà àti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ènìyàn jọ jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo. Àsìkò tí mo wọlé bọ́ sí International Polar Year ti 2007 sí 2008, ìkẹrin irú rẹ̀ láti 1882, nígbà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́ta kọrí sí ìpẹ̀kun ayé méjèèjì. Owó wà, ìtara wà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò sí, nítorí inú ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀gá wa ti kàwé yọrí, wọn ò sì lè fún wa ní ohun tí wọn ò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó kàn mí láti kọ́ ẹlòmíràn, òwe àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà ni mo gbára lé. Mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, inú wọn á dùn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Mi ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ lè kóra jọ sójú kan kí oníkálukú ṣì máa sọ àyà tirẹ̀.

Ní 2013, tí wọ́n kọ́kọ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà sábẹ́ àbójútó mi, mo fún wọn ní iṣẹ́ kan. Ní ìwọ̀-oòrùn Greenland, erékùṣù ńlá kan ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Kangerlussuaq, tí àwọn olùgbé ibẹ̀ tó bíi 500. Pápá ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ológun Amẹ́ríkà là síbẹ̀ ní 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ló di ìlú, ní 1992 ni wọ́n sì tó kó kúrò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wa ọkọ̀ lọ síhà ìlà-oòrùn fún bíi kìlómítà 25, yóò kan etí yìnyín ńlá tó bo àárín Greenland, èyí tó nípọn ju kìlómítà mẹ́ta lọ láwọn ibì kan. Omi tó ń yọ́ láti etí rẹ̀ ló ń ṣàn gba inú ìlú kọjá nínú odò tí àwọn àjèjì ń pè ní Watson. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2012, omi náà ya wọ̀lú, ó fọ́ afárá, ó sì gbé kátakáta ńlá kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, sátẹ́láìtì fi hàn pé bíi ìdá 97 nínú 100 ojú yìnyín Greenland ló ń yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jọ kọ ìròyìn kan ṣoṣo tó máa ṣàlàyé ohun tó fọ́ afárá yẹn.

Mo yan ìbéèrè náà nítorí pé kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ kan tó lè dá a dáhùn. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ gbóná nìkan ni yìnyín fi ń yọ́. Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ máa ń dá ohun tó ju ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú ọ̀run, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ́ kúrò, tí yìnyín abẹ́ rẹ̀ sì hàn síta, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà á dín kù gan-an, ooru tó ń wọlé á sì pọ̀ sí i. Lápá Kangerlussuaq, yìnyín náà tún dúdú ju ti ibòmíràn lọ, torí pé eruku wà nínú rẹ̀, àti pé àwọn ewédò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé lórí rẹ̀, tí wọ́n ń pa àwọ̀ ara wọn dà sí irú àwọ̀ àlùkò tó ṣú kí oòrùn má baà pa wọ́n. Onífíísíìsì lè wọn ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó mú kí ewédò pọ̀ lọ́dún kan ju èkejì lọ. Ẹni tó mọ ewédò kò mọ iye omi tí òjò dídì àtijọ́ lè fà mu kí ó tó jẹ́ kí ìyókù ṣàn lọ. Ẹnjiníà mọ ìwúwo tí òpó afárá lè gbà, kò sì mọ ọ̀kankan nínú ìyẹn. Àwọn ará ìlú nìkan ló sì mọ bí odò náà ṣe rí ní ọdún tí kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n.

Ojú ìwé 42 ni ìròyìn tí wọ́n mú wá. Wọ́n ti pín iṣẹ́ náà bí ìgbà tí wọ́n ń pín ẹran Iléyá: ọmọ ràdá, ìyẹn onífíísíìsì tó ń fi ẹ̀rọ ràdá wo yìnyín, mú yìnyín, ọmọ ewédò mú ewédò, ẹnjiníà mú afárá, oníkálukú lọ sílé rẹ̀ lọ jẹ tirẹ̀, wọ́n wá fi pínnì so egungun pọ̀ fún mi. Mo ń kà á lọ títí mo fi rí i pé omi náà ti ya lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú abala ọmọ ràdá, ọjọ́ 193 ni àkúnya omi dé, torí pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ni àwọn tó ń lo sátẹ́láìtì ti máa ń ka ọjọ́. Nínú abala ọmọbìnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ènìyàn, Ọjọ́rú ni, bí àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ṣe pè é. Ẹnjiníà, tó jẹ́ ará Yúróòpù, kọ 11/07, èyí tí ará Amẹ́ríkà kankan máa kà sí ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá, nígbà tí odò náà ti dì gbagidi. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí, nítorí pé kò sí ẹni tó ka abala ẹnìkejì rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bínú sí wọn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé èmi ni mo fún wọn ní ọbẹ tí wọ́n fi pín ẹran. Mo ti sọ pé kí wọ́n jọ kọ ọ́, mi ò sì sọ bí a ṣe ń jọ kọ nǹkan. Ni mo bá da ìròyìn náà padà, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan abala tó kọ́kọ́ kọ mọ́. Ọmọ ràdá ni yóò kọ ti àwọn ará ìlú, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwùjọ ni yóò kọ ti ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ yìnyín, ẹnjiníà ni yóò kọ ti ewédò. Ẹni tó ni ìmọ̀ náà yóò jókòó tì í, yóò máa dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ mú kálámù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "model", gba ọ̀sán méjì lọ́wọ́ wọn. Lójú ọmọ ràdá, ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe láti fi òfin físíìsì sọ bí yìnyín yóò ṣe ṣàn ni. Lójú ọmọ ewédò, ìlà tí a fà gba àárín àwọn nọ́ńbà tí a kó jọ ni, kò sí òfin físíìsì kankan nídìí rẹ̀. Ẹnjiníà ní ohun tí òun fi igi àti ike kàn sórí tábìlì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ àwùjọ ènìyàn ní lọ́dọ̀ àwọn, àwòrán inú ọkàn ènìyàn nípa bí ayé ṣe ń lọ ni. Odindi ọdún kan ni wọ́n ti fi ń jókòó nínú yàrá kan náà, tí wọ́n ń mi orí sí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ó yé wọn. Ìròyìn tuntun tí wọ́n mú wá kéré, ojú ìwé 19 péré, kò sì dán bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni omi ya nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún ni mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ọdún ni ẹnìkan sì máa ń wá bá mi ní ọ́fíìsì pé òun kò wá sí yunifásítì láti kọ iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún kan náà, a gun orí yìnyín lọ. Ọkọ̀ òfuurufú LC-130, èyí tó ní bàtà gígùn bí ọpọ́n lábẹ́ táyà kí ó lè balẹ̀ sórí òjò dídì, ló gbé wa láti Kangerlussuaq lọ sí Summit, ibùdó ìwádìí tí Amẹ́ríkà ní lórí òkè yìnyín náà, ní nǹkan bíi mítà 3,200 sókè òkun. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀ ju bí gíga náà ṣe yẹ kí ó mú un rí lọ, nítorí ibi tó wà lókè àríwá ayé. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ líle kankan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ràdá wa, tó jẹ́ elérè ìdárayá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé orí ń fọ́ òun, ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àwùjọ ènìyàn, ẹni tí àwọn yòókù kà sí àlejò lórí yìnyín, ló ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kan náà ni ọkùnrin yìí ń bi òun lẹ́ẹ̀kẹta láàárín wákàtí kan. Ó wá fọwọ́ tọ́ mi jẹ́jẹ́. A dá iṣẹ́ dúró, a kó o lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ibùdó, ó sì sùn di ọjọ́ kejì kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wo ènìyàn, a kò sì rántí pé a nílò ẹni tó ń wo ènìyàn.

Nígbà tí ara gbogbo wa ti mọ́lé, a gbẹ́ kòtò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó mítà méjì, a sì fi ògiri òjò dídì tí kò nípọn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sáàárín wọn. A fi pákó bo ọ̀kan, a ṣí èkejì sílẹ̀ fún oòrùn. Ẹni tó bá wọ inú kòtò tí a bò, tó jẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́ òkùnkùn, yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ògiri náà wọlé ní àwọ̀ búlúù kan tí mi ò rí níbòmíràn rí, àfi bóyá nínú ẹtù tuntun. Àwọn ìlà máa ń wà nínú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Òjò dídì ìgbà ẹ̀rùn kì í ki, hóró rẹ̀ máa ń tóbi, ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá. Ti ìgbà òtútù ki, ó sì ṣú díẹ̀. Bíi sẹ̀ǹtímítà 65 ni ọdún kan ń bọ́ lé èkejì níbẹ̀, nítorí náà ọdún bíi mẹ́ta ni ènìyàn ń wò nínú kòtò náà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò tó mítà kan sísàlẹ̀ tí a fi kan ìlà kan tó le, tó mọ́ bí awo gíláàsì. Ìka kò lè wọ inú rẹ̀. Yíyọ́ oṣù Keje 2012 nìyẹn, tó yọ́ tán tó sì tún dì. Ọmọ ràdá gbẹ́nu lé àlàyé, ó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Summit láti 1889.

Akẹ́kọ̀ọ́ àwùjọ ènìyàn bi í pé, "Ta ló wà níbí ní 1889?"

A rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ó dúró sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, yìnyín fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n ti gbẹ́ ihò kan sítòsí ibẹ̀ tí wọ́n parí ní 1993, ihò GISP2, tó jìn ju mítà 3,000 lọ títí ó fi kan àpáta, wọ́n sì ka ìlà ọdún nínú òpó yìnyín tí wọ́n fà jáde bí ẹni ń ka ilà ojú. Ó tún béèrè pé nínú ọgọ́rùn-ún ìlà tí wọ́n kà, mélòó ni wọ́n kà sọnù, báwo ni wọ́n sì ṣe mọ̀? Ọmọ ràdá dákẹ́. Ó mọ ìdáhùn rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìparí ìwé ni wọ́n máa ń tì í sí ní ẹ̀ka tiwọn, kò sì sí ẹni tó bi í rí kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. A dúró nínú kòtò yẹn fún bíi wákàtí kan, tí ó ń ṣàlàyé bí eérú òkè oníná tí a mọ ọdún tó bú gbàù ṣe ń jẹ́ kí àwọn yẹ ìkà wọn wò. Láàárín àsìkò yẹn, òun fúnra rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ òun ní ibì kan tí òun kò tíì yẹ̀ wò. Abala kan nínú àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ ti ibẹ̀ jáde.

Nípa ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún mi kí n tó kúrò ní Nàìjíríà pé ẹ̀fọn wà ní Greenland, wọ́n sì pọ̀ ní Kangerlussuaq débi pé nẹ́ẹ̀tì ni à ń fi bo orí rìn nínú oṣù Kẹfà. Ọmọ tí a ń pè ní ọmọ ẹ̀fọn láàárín wa ń wo bí ooru ṣe ń mú kí àdágún omi tètè yọ́, tí ìdin ẹ̀fọn inú rẹ̀ sì ń tètè dàgbà, tí ó sì ń kan àwọn ọmọ caribou, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Èmi nìkan ni mo bi í bóyá ibà wà nínú ẹ̀fọn náà. Kò sí. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù lọ, ìgbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo gbà á. Ọdún 2009 ni, ní Nuuk, olú-ìlú Greenland, ní ọdún tí wọ́n gba ìjọba ara-ẹni tó gbòòrò lọ́wọ́ Denmark ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, tí èdè Kalaallisut sì di èdè ìjọba. Wọ́n ní kí a wá ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún àwọn ará ìlú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi fi àwòrán ràdá hàn wọ́n, tí ògbufọ̀ ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo parí, bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú sọ̀rọ̀ pẹ́, ògbufọ̀ sì gé e kúrú fún mi pé: "Wọ́n ní, ta lẹ bi kí ẹ tó wá?" Mo dáhùn pé a ti gba ìwé àṣẹ. Ògbufọ̀ kò tilẹ̀ túmọ̀ ìyẹn, ó kàn wò mí.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mí. Bí àlejò bá wọ abúlé àwọn bàbá mi, tó lọ sídìí igi wọn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, láìtíì kí baálẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún un. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀kọ́ ilé sílẹ̀ nílé, mo gbé ẹ̀kọ́ ìwé dání lọ bá àgbà. Bàbá náà kò bínú. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan, "sila". Sila ni ojú ọjọ́. Sila náà ni ìta gbangba, sila náà sì ni làákàyè: ẹni tí kò ní sila, òmùgọ̀ ni. Bí a ṣe ń sọ pé ayé, tó lè jẹ́ ilẹ̀ tí a ń tẹ̀, tó lè jẹ́ ìgbésí ayé, tó sì lè jẹ́ àwọn ènìyàn tí à ń sá fún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹ̀ka ìmọ̀ mẹ́ta ní yunifásítì mi, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí tiwọn, ni ọ̀rọ̀ kan náà gbà pọ̀ lẹ́nu bàbá yìí.

Láti ìgbà tí mo ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan ni mo ti máa ń mú wọn lọ jókòó ti àwọn apẹja àti àwọn ọdẹ, láìgbé àwòrán kankan dání. Ó máa ń nira fún wọn, nítorí wọ́n ti múra láti kẹ́dùn. Wọ́n rò pé gbogbo ẹni tí àwọn bá bá pàdé yóò máa sunkún yìnyín. Apẹja kan sọ fún wọn pé ẹja cod ti ń padà wá, ẹja halibut sì ń mówó wọlé, pé ẹja tí àwọn ń tà ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí Greenland ń rí láti òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá sí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni cod ṣe pọ̀ láti àwọn ọdún 1920, tí àwọn bàbá wọn ra ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì wá pòórá kí àwọn ọdún 1970 tó débi kankan, tí ọ̀pọ̀ sì jẹ gbèsè. Àbúrò ní ìgbà yẹn yàtọ̀ sí ìgbà yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn níwájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ fún mi nígbà tí a ń jáde pé òun kò mọ èwo ni kí òun kọ sílẹ̀. Mo ní kí ó kọ iyàn náà.

Wọ́n tún máa ń bi èmi náà léèrè, torí àwọ̀ mi kò pa mọ́ níbẹ̀, ohun tí yìnyín wọn fi kàn mí. Mo ṣàlàyé fún ọdẹ kan ní Kangerlussuaq nípa etíkun Èkó, bí òkun ṣe jẹ ilẹ̀ Bar Beach títí wọ́n fi kó òkúta dí i. Mo sọ fún wọn pé yìnyín ńlá yẹn wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra, àti pé bí ó bá ti ń yọ́ tí ó sì ń fúyẹ́, ìfàmọ́ra náà ń dín kù, nítorí náà òkun etí Greenland ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ti ọ̀nà jíjìn, bíi tiwa, ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Nígbà náà, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ̀rù máa bà." Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà níbẹ̀, tó ti ka ìṣirò yìí nínú ìwé fún ọdún méjì, ní ọjọ́ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ní ẹni tí omi ọ̀hún máa kàn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀wé jù lọ tí mo ti tọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Ọ̀gá mẹ́rin ni mo gbà kí ó ní, ẹ̀kọ́ ẹ̀ka mẹ́rin ni mo ní kí ó gbà, ọdún méje ló sì lò kí ó tó gba oyè. Nígbà tí ó lọ wáṣẹ́, ìgbìmọ̀ yunifásítì kan sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ohun ẹlẹ́mìí, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ àti àpáta, pé àwọn kò mọ yàrá tí àwọn lè fún un. Ó fi ọdún méjì gbáko ṣe iṣẹ́ onígbà díẹ̀ kí ó tó rí ibi tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Inú bí mi sí ìgbìmọ̀ náà, ó sì ń bí mi títí dòní, ṣùgbọ́n wọn ò parọ́ nípa ohun kan: èmi ló yẹ kí n jẹ́ kí ó ní ilé tirẹ̀ ní ibì kan kí n tó máa rán an káàkiri ilé onílé. Nísinsìnyí, ọdún méjì àkọ́kọ́, inú ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń fi wọ́n sí, kí wọ́n mọ̀ ọ́n débi tí wọ́n lè fi jiyàn pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Ọdún kẹta ni mo ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà pé ọjọ́ kìn-ín-ní ló yẹ kí a ti da gbogbo wọn pọ̀, kí wọ́n má baà le bí igi gbígbẹ. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun jinlẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ẹlòmíràn ń fi àìmọ̀kan tàn án.

Owó náà kò tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn tuntun fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní fi àkókò ẹ ṣòfò lórí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó wà láàárín yìnyín ńlá àti òkun lápá Sisimiut, ibi tí àwọn ọdẹ ti ń dẹ caribou láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí UNESCO sì kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2018. Ó fi àwòrán sátẹ́láìtì wo àwọn àdágún omi tó ń gbẹ àti ọ̀nà tí ẹran ń gbà, ó ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, ó san owó kí wọ́n túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Kalaallisut, ó sì fi ránṣẹ́ sí bàbá ọdẹ kan tó ti mú un rìn káàkiri ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan ti gba iṣẹ́ náà wọlé, ó sì rò pé òun ti parí. Ìwé bàbá náà dé lóṣù tó kọjá. Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀, àwòrán ilẹ̀ ọmọ náà ni wọ́n dá padà, tí wọ́n fi báírò pupa tún un ṣe níbi mẹ́rìnlá. Orúkọ àdágún omi mẹ́rin tó kọ pé kò lórúkọ wà níbẹ̀. Ọ̀nà ẹran kan tó fà gba orí òkè, wọ́n fà á yí òkè náà ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdágún kan tó ní ó gbẹ nítorí ooru, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ògbufọ̀ sì ní ó túmọ̀ sí pé, "A la ọ̀nà fún omi yìí gbẹ fúnra wa, ọdún tí mo gbéyàwó."

Ó gbé e wá sí ọ́fíìsì mi, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní ṣé kí òun kọ̀wé sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn náà kí wọ́n dá a dúró ná. Mo ní kí ó kọ̀wé sí bàbá náà kọ́kọ́, kí ó béèrè ọdún tí wọ́n gbéyàwó.